Gbọ̀ngàn Kan, Orin Mẹ́ta: Ohun Tó Yẹ Kó Wà Nílẹ̀ Kí Olórin Tó Dé Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin tó ni gbọ̀ngàn, ẹ̀yin tó ń yá ẹ̀rọ ohùn, ẹ̀yin ọmọ wa tó wá láti Àgọ́-Ìwòyè, Ìjẹ̀bú-Igbó àti Ṣágámù, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ kú àbọ̀.

Ọ̀rọ̀ tó kó wa jọ ni bí ilé ọnà ní ìlú bí Ìjẹ̀bú-Òde ṣe lè gbàlejò orin mẹ́ta kan: jáàsì, orin tí wọ́n fi ẹ̀rọ iná ṣe látòkè délẹ̀, àti orin àkọsílẹ̀ òde òní, ìyẹn èyí tí ẹni tó ṣẹ̀dá rẹ̀ kọ sórí ìwé, tí àwọn olórin á máa kà á bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ. Bí ìgbìmọ̀ bá jókòó lórí irú ètò báyìí, olórin ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ: ta la fẹ́ pè, èló ló máa gbà? Gbọ̀ngàn ló yẹ kó ṣáájú. Òun ni ohun èlò tí gbogbo olórin tó bá wá máa jọ lò, òun náà ló sì ń ba orin jẹ́ jù, torí pé èyí tó pọ̀ jù nínú gbọ̀ngàn tó wà nílẹ̀ wa, òde àríyá ni wọ́n kọ́ ọ fún.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan lórí orúkọ ná. Ní ìgboro wa, oògùn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí jáàsì. Àwọn onílù ṣọ́ọ̀ṣì náà ń pe ìlù òyìnbó tí wọ́n ń fi igi àti ẹsẹ̀ lù ní jáàsì. Tí ẹ bá fẹ́ lẹ ìwé ìpolówó mọ́ ògiri ní Òkè-Ajé tàbí Fọlágbádé, ẹ kọ "orin jáàsì" sí i gbangba, kí ẹ sì ya àwòrán sasofóònù sí i.

Ẹnikẹ́ni má sì sọ pé àwọn orin wọ̀nyí ò kàn wá. Pierre Schaeffer bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìró tí wọ́n gbà sílẹ̀ hun orin ní Paris lọ́dún 1948, ṣùgbọ́n Halim El-Dabh ti ṣe irú rẹ̀ ní Cairo, nílẹ̀ Íjíbítì, lọ́dún 1944. Ó gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ oníwáyà lọ síbi tí àwọn obìnrin ti ń ṣe ètùtù zaar, ó gba ohùn wọn, ó kó o lọ sí ilé iṣẹ́ rédíò, ó wá ń yọ lára rẹ̀, ó ń fi gbohùngbohùn kún un, títí ohùn náà fi di nǹkan mìíràn. Akin Euba, tó kú lọ́dún 2020, fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ orin tó mú kí dùùrù òyìnbó máa sọ̀rọ̀ bí ìlù wa. Nílé wa níbí, ẹni tó bá ti fetí sí àpàlà Haruna Ishola ará Ìjẹ̀bú-Igbó dáadáa, tó gbọ́ bí àgídìgbo ṣe ń di ìsàlẹ̀ mú tí àwọn yòókù fi ń ráyè ṣeré lókè, ti mọ iṣẹ́ tí báàsì onígi ń ṣe nínú jáàsì kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ ọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ gbọ̀ngàn.

Ẹ wọ ibẹ̀ nígbà tí kò sẹ́nìkan. Ẹ pa fáánù. Ẹ dúró láàárín, kí ẹ pàtẹ́wọ́ ẹyọ kan péré, kí ẹ wá máa ka bí ìró náà ṣe pẹ́ tó kó tó kú. Táìsì ló wà nílẹ̀, gíláàsì ló wà lójú fèrèsé, POP ló wà lókè, àga oníke ló kún inú rẹ̀. Kò sí ohun tó ń mu ohùn níbẹ̀, ó kàn ń gbá kiri ni. Wallace Sabine, olùkọ́ ní Yunifásítì Harvard, ló rí òfin tó wà nídìí èyí, nígbà tí wọ́n ní kó wá nǹkan ṣe sí gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́ kan lọ́dún 1895. Lóru, nígbà tí ìgboro bá pa rọ́rọ́, ni wọ́n ń kó tìmùtìmù ìjókòó wọlé, tí wọ́n ń kó o jáde, tó sì ń wọn bí ìró ṣe ń pẹ́ tó. Ohun tó rí ni pé: tí ẹ bá fi 0.161 sọ àyè inú gbọ̀ngàn di púpọ̀, tí ẹ wá fi àpapọ̀ ohun tó ń mu ohùn pín in, iye sẹ́kọ́ńdì tí ìró máa fi kú ni ẹ máa rí.

Ká mú gbọ̀ngàn tó gùn ní mítà 20, tó fẹ̀ ní mítà 12, tó ga ní mítà 5. Àyè inú rẹ̀ jẹ́ kúbíkì mítà 1,200. Ilẹ̀, àjà àti ògiri rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ sùkúéà mítà 800. Sìmẹ́ńtì, táìsì àti gíláàsì kì í mu ju nǹkan bí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ohùn tó bá bà wọ́n, àpapọ̀ mímu náà wá jẹ́ 40. Ẹ ṣírò rẹ̀: sẹ́kọ́ńdì 4.8. Nínú jáàsì tí kò tiẹ̀ yára, sasofóònù lè fọn ohùn mẹ́rin ní sẹ́kọ́ńdì kan. Ohùn àkọ́kọ́ ò ní tíì kú tán nígbà tí ìkọkàndínlógún bá jáde. Kì í ṣe pé olórin ò mọ̀ ọ́n fọn. Gbọ̀ngàn ló ń po gbogbo rẹ̀ pọ̀ bí ẹ̀kọ.

Ènìyàn ń mu ohùn. Tí igba ènìyàn bá jókòó, tí a fi 0.45 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, 90 wọlé, àpapọ̀ di 130, ìró á kú ní sẹ́kọ́ńdì 1.5. Tí ẹ bá wá fi sùkúéà mítà 100 kọ́tìnì tó wúwo bo ògiri, yóò wálẹ̀ sí nǹkan bíi 1.1. Ṣùgbọ́n kọ́tìnì yìí ní bí wọ́n ṣe ń rán an. Ìlọ́po méjì fífẹ̀ ògiri ni kí ẹ rà, kó lè ká jọ ní ìṣẹ́po-ìṣẹ́po, kí ó sì jìnnà sí ògiri ní sẹ̀ńtímítà 10 sí 15. Èyí tó bá tẹ́ pẹrẹsẹ mọ́ ògiri, ohùn tín-ín-rín nìkan ló ń mu. Orí réèlì ni kí ẹ gbé e kọ́, torí ibẹ̀ gan-an ni gbọ̀ngàn kan fi ń di mẹ́ta. Fún orin àkọsílẹ̀ tí fáólì (gòjé òyìnbó) àti ohùn ènìyàn pọ̀ nínú rẹ̀, ẹ ṣí i tán, nítorí orin bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ kí ìró pẹ́ díẹ̀. Fún jáàsì, ẹ fà á dé ìdajì. Fún orin ẹ̀rọ, ẹ tì í pátá.

Nǹkan méjì ló máa ń ba ìṣírò yìí jẹ́. Èkíní ni pé ẹ lè polówó fún igba ènìyàn kí ọgọ́ta wá. Ọgọ́ta ènìyàn pẹ̀lú ògiri gbalasa, sẹ́kọ́ńdì 2.9 nìyẹn. Nítorí náà, ẹ ra àga alásọ tó ní fóòmù nínú dípò oníke. Ó ń mu ohùn bí ènìyàn ò tilẹ̀ sí lórí rẹ̀, ohun tí ẹ bá sì gbọ́ nígbà ìdánwò lọ́sàn-án kò ní yàtọ̀ púpọ̀ sí ti alẹ́. Èkejì ni kéréètì ẹyin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lẹ kéréètì ẹyin mọ́ ògiri mọ́. Kò ṣe nǹkan kan sí báàsì, ohun tó ń ṣe sí ohùn òkè náà kéré, bẹ́ẹ̀ ni iná ń jó o kíákíá.

Iná tún dé. Gbogbo wa mọ̀ pé NẸ́PÀ lè mú un lọ nígbàkigbà. Ohun tí a kì í sábà rò ni pé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tí wọ́n fi ń yí i sí jẹnẹrétọ̀ tó láti pa míkísà oní-kọ̀ǹpútà, òun náà á sì tún gbà tó ìṣẹ́jú kan kó tó jí padà. Lóde àríyá, àwọn ènìyàn á hó, wọ́n á tún máa jó lọ. Níbi orin tó wà láàárín ìdákẹ́jẹ́ẹ́, orin náà ti kú nìyẹn. Míkísà, kọ̀ǹpútà olórin àti àpótí tó so ó mọ́ ẹ̀rọ ohùn gbọ́dọ̀ wà lórí ínfátà tó ń pèsè iná mímọ́ bí ti NẸ́PÀ, kì í ṣe olówó pọ́ọ́kú tó ń mú kí sípíkà kùn. Ámpù ńláńlá lè wà lórí jẹnẹrétọ̀ ní tiwọn.

Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà. Nígbàkúùgbà tí jíjìnnà bá di ìlọ́po méjì níta gbangba, ariwo ń dín ní désíbẹ́ẹ̀lì 6 (désíbẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ń wọn ariwo). Láti mítà 5 sí mítà 40, ó ti dín ní 18. Àmọ́ bí ó ṣe ń jìnnà ni wáyà ń gùn, wáyà tó bá tẹ́ẹ́rẹ́ sì ń jẹ iná. Lórí mítà 50, tí ẹ̀rọ bá ń fa ámpíà 15, wáyà tó nípọn ní sùkúéà mìlímítà 2.5 máa jẹ tó fóltì 13, nígbà tí wáyà 6 ò ní jẹ ju bíi 5 tàbí 6 lọ. Owó wáyà tó nípọn dunni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ámpù tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ọ̀fun ń dùn nígbà tí báàsì bá wọlé, ibẹ̀ ni àìsàn rẹ̀ ti wá.

Tí sípíkà bá ń kùn "húùùn" láìdákẹ́, ọ̀nà méjì ni áàtì (wáyà ààbò tó wọ ilẹ̀) gbà dé ibẹ̀: ọ̀nà kan láti orí ìtàgé, ọ̀nà kejì láti ìdí míkísà. Àwọn kan máa ń gé irin áàtì kúrò lára púlọ́ọ̀gì kó lè dákẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe é níwájú yín. Ọjọ́ tí ohunkóhun bá já nínú ẹ̀rọ, ara ẹni tó di gìtá tàbí máìkì mú ni iná máa gbà kọjá. Ẹ mú gbogbo ẹ̀rọ ohùn láti orísun iná kan ṣoṣo, kí ẹ fi iná ìtàgé sí fésì mìíràn, kí ẹ sì so kọ̀ǹpútà mọ́ míkísà nípasẹ̀ DI, àpótí kékeré tó ń so ohun èlò mọ́ míkísà, èyí tó ní tiránsífọ́mà nínú. Ara DI náà ni bọ́tìnì tí ń já áàtì ohùn wà. Ìyẹn kò léwu.

Ọjọ́ wo la fẹ́ fi í sí? Orí òrùlé páànù ni òjò ti ń dáhùn ìbéèrè yìí. Láti oṣù kẹrin dé ìkẹwàá, tó sì le jù ní oṣù kẹfà, keje àti kẹsàn-án, òjò Ìjẹ̀bú tó bá rọ̀ sórí páànù tí kò ní àjà tó dára lábẹ́ máa bo fáólì mọ́lẹ̀ pátápátá. Nítorí náà, orin àkọsílẹ̀ àti jáàsì tí kò ní ariwo, láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kejì ni kí ẹ gbé wọn sí, tàbí ní ìsinmi òjò oṣù kẹjọ. Orin ẹ̀rọ ni kí ẹ fún òjò. Òjò ò lè rí i gbé ṣe. Kí ẹ tó tẹ ìwé ìpolówó, ẹ lọ bá àwọn àgbà ìlú béèrè ọjọ́ Orò àti ọjọ́ Agẹmọ, pàápàá ní Rẹ́mọ, torí pé alẹ́ tí obìnrin ò gbọ́dọ̀ jáde kì í ṣe alẹ́ tí ènìyàn ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ má fi sí ọ̀sẹ̀ Ojúde Ọba náà. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni wọ́n ń ṣe é, kò sì sí yàrá hòtẹ́ẹ̀lì tí ẹ máa rí fún olórin tó ti ọ̀nà jíjìn wá.

Ní ti jáàsì, dùùrù ni kókó. Kọ́kọ́rọ́ 88 ló wà lójú rẹ̀, okùn inú rẹ̀ sì tó nǹkan bí 230. Ọ̀rinrin inú òjò ń wú igi rẹ̀, ọyẹ́ ń fà á gbẹ, okùn á sì máa yí ohùn padà. Bí wọ́n bá gbé e láti igun kan sí òmíràn, wọ́n gbọ́dọ̀ tún un yí. Ọjọ́ orin gan-an ni kí ẹ pe atúndùùrù-ṣe, lẹ́yìn tí éásì-kọndíṣọ̀nà ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí mélòó kan, tí iná ìtàgé sì ti gbóná. Ẹni tó yí i ní òwúrọ̀ tútù fún orin alẹ́ gbígbóná ti ṣiṣẹ́ àṣedànù. Bí dùndún tàbí gángan bá máa bá dùùrù ṣe, onílù ló máa wá ohùn dùùrù lọ, torí pé dùùrù kì í gba ẹ̀bẹ̀. Ẹ fún onílù láyè láti yá awọ rẹ̀ nínú oòrùn kí ó tó wọlé, kí ó sì tún jókòó nínú òtútù gbọ̀ngàn fún ìdajì wákàtí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí awọ lè bá afẹ́fẹ́ ibẹ̀ mu.

Olórin jáàsì mẹ́rin ò gbà ju máìkì mẹ́wàá lọ: mẹ́rin fún ìlù, méjì fún dùùrù, ọ̀kan fún sasofóònù, DI àti máìkì kan fún báàsì, ọ̀kan fún ọ̀rọ̀ sísọ. Ẹ fi wákàtí kan ààbọ̀ sílẹ̀ fún ìdánwò ohùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é láìsí ẹ̀rọ rárá, kí ẹni tó wà nídìí míkísà rìn káàkiri, kó gbọ́ ohun tí ò dé ẹ̀yìn. Ohun tí ò dé ẹ̀yìn nìkan ni kó gbé sókè. Ìwà òde àríyá ni kí ènìyàn ṣí gbogbo máìkì tán kó tó gbọ́ ohunkóhun.

Ẹ wo àgídìgbo bí àpẹẹrẹ, torí pé àwọn ọ̀dọ́ ti ń mú un bá jáàsì àti orin ẹ̀rọ ṣe. Àpótí rẹ̀ fẹ̀, ihò wà níwájú rẹ̀, ibi ihò yẹn sì ni gbogbo ènìyàn ń ti máìkì sí. Ní kété tí ẹ bá gbé e sókè, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í han gooro, nítorí atẹ́gùn inú àpótí náà ní ohùn kan tó fẹ́ràn, sípíkà sì ń dá ohùn yẹn padà sí i. Ẹ sún máìkì sí ẹ̀gbẹ́ ihò, kó jìnnà tó sẹ̀ńtímítà 15 sí 20, kó kọjú sí ibi tí àtàǹpàkò ti ń ta irin. Ẹ yí i kúrò níwájú sípíkà olórin. Tó bá ṣì ń han, ẹ gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ títí ohùn yẹn á fi dá wà, ẹ wá a rí lórí míkísà nínú báàsì, kí ẹ gé ìyẹn nìkan kúrò ní désíbẹ́ẹ̀lì 4 tàbí 6. Ẹ má gé gbogbo báàsì. Irin rẹ̀ á máa dún bí ìgbà tí wọ́n ń ta agolo.

Orin ẹ̀rọ, wáyà méjì péré ló ń jáde lára kọ̀ǹpútà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń rò pé ó rọrùn. Ẹ pa íntánẹ́ẹ̀tì kọ̀ǹpútà, kó má lọ máa ṣe àtúnṣe ara rẹ̀ láàárín orin. Ẹ fi fáánù kékeré sí ẹ̀yìn rẹ̀. Tí onílù bá máa bá a lù, ẹ wo ìwọ̀n bọ́fà rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n ohùn tí kọ̀ǹpútà ń kó jọ kó tó gbé e jáde: tó bá ń wọn ohùn ní ìgbà 48,000 ní sẹ́kọ́ńdì kan, bọ́fà 256 ń fa ohùn sẹ́yìn ní mílísẹ́kọ́ńdì 5, 1,024 ń fà á ní 21. Ní 21, onílù á máa rò pé ẹ̀rọ ń wọ́ ẹsẹ̀, òun náà á wá fà sẹ́yìn dè é, orin á máa wúwo sí i, ẹnikẹ́ni ò ní mọ ẹni tó ṣẹ̀.

Tí ẹ bá fi sípíkà kejì sí àárín gbọ̀ngàn fún àwọn ará ẹ̀yìn, ẹ rántí pé mítà 345 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ ni ohùn ń rìn ní sẹ́kọ́ńdì kan nínú ooru wa. Tí sípíkà náà bá wà ní mítà 14 sí ti iwájú, ẹ gbọ́dọ̀ fa ohùn rẹ̀ sẹ́yìn ní mílísẹ́kọ́ńdì 40, kí ẹ sì fi nǹkan bíi 10 kún un, kí etí lè máa gbọ́ orin náà láti orí ìtàgé. Ní ti ariwo, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ lọ́dún 2022 pé kí ìpíndọ́gba ohùn níbi àríyá má ju désíbẹ́ẹ̀lì 100 lọ láàárín ìṣẹ́jú 15. Ẹ fi ohun tí wọ́n fi ń wọn ohùn sí ìdí míkísà, kí ẹ sì pín fóòmù tí wọ́n fi ń dí etí lẹ́nu ọ̀nà. Etí tó bá ti lọ kì í padà.

Orin àkọsílẹ̀ ló gbà wá ní sùúrù jù. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wà lára orin náà, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé bí wọ́n ṣe kọ ohùn. Fíríìjì ọlọ́tí tó ń kùn ní ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, ẹ pa á kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Fáánù òkè á fẹ́ ìwé olórin dànù, ẹ ra péègì tí wọ́n fi ń sá aṣọ, méjì fún ìdúró-ìwé kọ̀ọ̀kan. Iná kékeré gbọ́dọ̀ wà lórí ìdúró-ìwé, kí àga wọn má sì ní ẹsẹ̀ tó ń dún. Ní ìta, ẹ bẹ àwọn ọlọ́kadà tó ń dúró sí ẹnu géètì kí wọ́n sún sí òdìkejì títì.

Àwa olùgbọ́ náà ní tiwa. Ní jáàsì, tí ẹnì kan bá dá ṣe tirẹ̀ tán, ẹ pàtẹ́wọ́ fún un lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bí orin ṣe ń lọ. Ní orin àkọsílẹ̀, ẹ dúró títí olórin á fi sọ ọwọ́ kalẹ̀. Owó níná wá ńkọ́? Ìjẹ̀bú tó bá gbádùn orin, owó ló fẹ́ fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n abala 21 òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 ka fífọ́n náírà sí ẹ̀ṣẹ̀ tó lè mú ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà wá, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta náírà, tàbí méjèèjì, kò sì sí ìtàgé orin ẹ̀rọ tí ẹsẹ̀ àlejò ò ní fi tu wáyà níbẹ̀. Ẹ gbé àpótí tó lẹ́wà sí ìsàlẹ̀ ìtàgé, kí ẹ sì kéde rẹ̀ kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ọmọ tó ń padà sí Àgọ́-Ìwòyè tàbí Ìlíṣàn lè rí ọkọ̀ wọ̀. Kí orin àkọ́kọ́ sì jẹ́ èyí tó lè fara da ẹni tó pẹ́ dé.

Tí orin bá parí, ẹ pa ámpù kí ẹ tó pa míkísà, bí ẹ ṣe tan míkísà kí ẹ tó tan ámpù. Ẹni tó bá dojú rẹ̀ rú máa gbọ́ "gbòsà" kan tó lè fọ́ sípíkà. Ẹ dé dùùrù, ẹ da aṣọ bò ó. Kọ́tìnì ló kẹ́yìn: ẹ ṣí i, ẹ ṣí fèrèsé, kí atẹ́gùn fẹ́ sí i mọ́jú, torí pé aṣọ tó nípọn tó bẹ́ẹ̀ lè bu nínú ọ̀rinrin wa láàárín ọ̀sẹ̀ kan.